Ohùn Akọ Ẹyẹ: Láti Tòlótòló Amẹ́ríkà dé Àparò Lekki



Ní oṣù kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń ṣe olùkọ́ ní Amẹ́ríkà báyìí, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Prof, ẹ kú ilé o. Òwúrọ̀ mẹ́rin ni mo fi lé akọ tòlótòló kan nínú igbó, n kò rí i pa. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kò jẹ́ kí n rí òun. Gobbler ni wọ́n ń pè é níbí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ọdẹ Yorùbá máa ń pe irú akọ ọlọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀?" Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó jẹ́ kí n gbọ́ ẹyẹ náà fúnra rẹ̀, tó ń ké láti ọ̀nà jíjìn.

Inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ àjàgbé ni mo wà nígbà náà. A ti kọjá Ajah, a dojú kọ Èbúté Omi Jíjìn Lekki. Mo ń lọ kí bàbá ọdẹ kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún ní ìhà Akodo. Mo wá sọ nínú ara mi pé ìbéèrè yìí kò tọ́ sí èmi nìkan, bàbá ni kó dáhùn. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ọmọ mi yìí ń ṣe nínú igbó òyìnbó.

Ẹni tó bá mọ tòlótòló inú àgbàlá nìkan lè má gbà pé ẹyẹ igbó ni. Tiwa a máa rìn gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́, a máa wú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè, àwọn ọmọdé á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ti inú igbó Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Orí igi ló ń sùn, ojú rẹ̀ mú gan-an, ó lè sáré, ó sì lè fò. Láti nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kárùn-ún, nígbà tí ewé tuntun ń yọ, akọ á máa ké láti ìdájí kí abo lè mọ ibi tó wà. Bí Ọlọ́run ṣe dá a ni pé abo ló ń tọ akọ lọ. Ọdẹ wá yí ọ̀rọ̀ náà po: òun ni yóò máa ké bí abo, kí akọ lè tọ̀ ọ́ wá. Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Akọ tó bá gbọ́n á dáhùn, ṣùgbọ́n á dúró sójú kan, á máa retí kí "ìyàwó" yọjú. Bí ìyàwó kò bá yọjú, á yí padà, ó di ọ̀la.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi egungun apá tòlótòló ṣe fèrè tí wọ́n fi ń pe tòlótòló mìíràn, tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Ní 1897, Henry Gibson, ará Arkansas, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí àpótí onígi kékeré kan. Bí ọdẹ bá fa ìdérí rẹ̀ kọjá létí àpótí náà, yóò dún bí abo gẹ́lẹ́. Wọ́n ṣì ń lo irú rẹ̀ dòní. Àrà mìíràn tún wà: kí ilẹ̀ tó mọ́, ọdẹ á ké bí òwìwí. Akọ tòlótòló kì í lè mú un mọ́ra, á fèsì láti orí igi, ọdẹ á sì mọ ibi tó sùn sí. Ní ilẹ̀ tiwa, ta ló jẹ́ dúró sínú òkùnkùn kó máa ké bí òwìwí? Àwọn aládùúgbò á ti pe pásítọ̀.

Ṣé ẹ rí i, etí ni wọ́n fi ń ṣe ọdẹ yìí kí ojú tó dé e. Èdè ni. Ẹyẹ ń sọ ọ̀rọ̀, ọdẹ ń purọ́ fún un ní èdè tirẹ̀.

Àwa náà fi etí mọ tòlótòló. Kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ wa. Àwọn ará Mẹ́síkò ló ti sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí àwọn ará Sípéènì débẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù, ó sì gba ojú omi dé etíkun tiwa náà, bí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ṣe dé. Ibi tó bá dé, wọ́n á ṣi ìlú rẹ̀ mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ará Tọ́kì ni, wọ́n pè é ní turkey. Faransé ní ará Íńdíà ni, wọ́n pè é ní dinde. Àwọn ará Tọ́kì fúnra wọn pè é ní hindi. Potogí ní peru. Kò sí ọ̀kan tó bá a nínú wọn. Yorùbá kò tilẹ̀ bèèrè ìlú rẹ̀. A gbọ́ ohùn rẹ̀, a fi ohùn náà sọ ọ́ lórúkọ: tòló, tòló. Ohùn ìsàlẹ̀ kan, ohùn òkè kan, a wá pè é lẹ́ẹ̀mejì. Hausa náà ń pè é ní talotalo. Lójú tèmi, àwa la jàre.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ẹyẹ tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ń pè ní turkey kì í ṣe ti Amẹ́ríkà rárá. Awó ni, tí àwọn kan nínú wa ń pè ní ẹtù, ẹyẹ Áfíríkà tó gba ọwọ́ àwọn oníṣòwò Tọ́kì dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ti Amẹ́ríkà dé, wọ́n da orúkọ méjèèjì pọ̀. Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, tún wá fi èdìdì sí àṣìṣe náà ní 1758: ó pe tòlótòló ní Meleagris, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúkọ tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pe awó ni. Nítorí náà, ẹyẹ tí ọmọ mi ń lé káàkiri igbó Amẹ́ríkà, orúkọ ẹyẹ tiwa ló ń jẹ́ nínú ìwé.

Mo dé ọ̀dọ̀ bàbá ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

"Àrìnpa o, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àrìnpa ibo, àbúrò? Ṣé o rí i pé mo dìde ni?"

Mo jẹ́ kó gbọ́ ohùn tòlótòló náà nínú fóònù. Ó ní kí n tún un ṣe. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ojú. Ó wá ní, "Èyí tó ti gbọ́ ìbọn rí ni. Kò ní orúkọ mìíràn. Akọ tí ìbọn bá ti tàsé, kì í wá bá èèyàn mọ́. Ìwọ lo máa lọ bá a." Mo ní a kì í dẹ tòlótòló níbí. Ó ní, "Àparò ńkọ́? Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí àparò díẹ̀, nítorí òun ni tòlótòló igbó tiwa. Ẹyẹ ilẹ̀ ni, ó fẹ́ràn kó sáré ju kó fò lọ. Akọ rẹ̀ ní ohun ṣóṣóró méjì bí ẹ̀gún lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó fi ń jà. Ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, akọ á gun ibi tó ga díẹ̀, ó lè jẹ́ òkìtì ọ̀gán, ó lè jẹ́ ebè, á máa ké kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òun ló ni ibẹ̀. Àwọn baba wa gbọ́ ohùn yẹn, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹnu ni àparò fi ń pe ọ̀rá: ó ní "kìkì ọ̀rá, kìkì ọ̀rá!" Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́ ọ: ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta, ohùn òkè kan lẹ́yìn. Ẹyẹ fúnra rẹ̀ ló ń polówó ẹran ara rẹ̀ fún ọdẹ.

Òwe kejì, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: bákan náà ni gbogbo àparò ga, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Àwọn olùkọ́ máa ń fi kọ́ wa pé ọmọ èèyàn dọ́gba, ipò ló ń gbé ẹnìkan ga ju ẹnìkejì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá ọdẹ, mo rò pé ẹnu ọdẹ ni òwe méjèèjì ti jáde, àti pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Èyí tó gun orí ebè ni akọ tó fẹ́ ké. Èyí tó ń ké ni ọdẹ ń rí. Ẹni tó ga ni ìbọn ń bá. Bí a bá ya òwe méjèèjì sọ́tọ̀, ìmọ̀ràn ni wọ́n. Bí a bá so wọ́n pọ̀, ẹ̀kọ́ ọdẹ ni wọ́n, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú ìrì òwúrọ̀ pẹ̀lú ṣakabùlà.

Mo bẹ bàbá pé kó ké bí àparò. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ké. Àwọn ọmọ ilé méjì tó ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dúró. Èyí àbúrò bi í pé, "Bàbá, ṣé ọ̀pọ̀lọ́ nìyẹn?"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Lekki kì í ṣe èbúté tuntun o. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá lọ. Láti ibẹ̀ ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń ṣòwò epo pupa gba etíkun Palma àti Lekki, títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bá a ṣe àdéhùn ní 1854. Ọkọ̀ òyìnbó ti ń dúró síbẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn etíkun ṣì jẹ́ àgbọn, irà àti oko. Ṣùgbọ́n ti òde òní yàtọ̀. Wọ́n dá agbègbè òwò ọ̀fẹ́ Lekki sílẹ̀ ní 2006. Ní ọjọ́ 23, oṣù kìíní, 2023, Ààrẹ Buhari ṣí èbúté náà: ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 90, omi rẹ̀ jìn ní mítà 16.5. Ní oṣù kárùn-ún ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote nítòsí. N kò bá èbúté jà. Ìlú tó tó Èkó nílò rẹ̀, iṣẹ́ sì ń bẹ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Ó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín pé tòlótòló tó fi ọkọ̀ ojú omi wá sí ilẹ̀ wa kò tún lè gba ojú omi wọlé mọ́: ẹyẹ, láàyè tàbí ní òkú, títí kan èyí tó ti di yìnyín, wà nínú ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kó wọ Nàìjíríà.

Ẹnìkan lè sọ pé a ṣáà ní ọgbà ìdáàbòbò Lekki, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, hẹ́kítà 78, tí ọ̀bọ ń fò lórí igi rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àparò kì í ṣe ẹyẹ igbó ṣíṣú. Ẹyẹ oko ni. Ibi tí èèyàn bá gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sí ló ń bá wọn gbé, ó ń jẹ nínú rẹ̀, ọdẹ sì ń jẹ òun. A lè fi ọgbà yí igbó ká láti dáàbò bò ó. Ta ló jẹ́ fi ọgbà yí oko ẹ̀gẹ́ ká nítorí ẹyẹ? Bí wọ́n bá ti ta oko, ebè lọ, àparò lọ. Òwe nìkan ló kù.

Ọ̀rọ̀ náà "ọdẹ" alára ń ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Bí ẹ bá pe "ọdẹ" ní Lekki lónìí, ẹni tó ń ṣí géètì ẹ́síteètì ló máa dá yín lóhùn. Kì í ṣe àṣìṣe pátápátá, nítorí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọdẹ ti ń ṣọ́ ìlú lóru. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó ti ń ku ẹyọ kan. Ọmọ bàbá yìí gan-an ń ṣe ọdẹ ní Ajah. Kò yìnbọn rí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù tiwọn. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti pa tòlótòló igbó dé ibi pé ó tán pátápátá ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Òfin 1937 tí wọ́n ń pè ní Pittman-Robertson wá ya owó orí ìbọn àti ọta sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹranko igbó. Wọ́n fi àwọ̀n mú àwọn tó kù láàyè, wọ́n kó wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti tán, wọ́n sì fi òfin sí ìgbà tí èèyàn lè dẹ wọ́n. Ó ti di mílíọ̀nù báyìí. Owó ọdẹ ló dá ẹyẹ ọdẹ padà. Èyí tó ń yọ ọmọ mi lẹ́nu lóròòwúrọ̀, ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó padà wọ̀nyẹn lè ni.

Àparò kò tíì tán ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó ṣì ń ké ní Òkè-Ògùn àti ní ọ̀pọ̀ oko mìíràn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní ẹ̀gbẹ́ èbúté yìí, ọmọ lè dàgbà, kó pa òwe àparò dáadáa, kó gba máàkì ní ìdánwò, kó má sì mọ̀ pé ohùn ẹyẹ kan ló ń sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá fi ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá, tó jáde ní 1966, gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọdẹ là fún wa. Ọ̀rọ̀ wà nínú ìwé. Ohùn ẹyẹ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ bàbá, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ké bí àparò, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀: "Èyí tó ti gbọ́ ìbọn rí." Ó dáhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé, "Ẹ ṣé o, Prof. Ẹ bá mi kí bàbá. Màá lọ bá a, n kò ní pè é mọ́." N kò tíì gbọ́ bóyá ó rí i pa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìtòsí oko, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbọ́ àparò ní ìdájí, ẹ gbé fóònù yín sókè, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì bi àgbàlagbà kan léèrè ohun tó ń sọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ṣeé ṣe kí ìlú tiyín má gbọ́ "kìkì ọ̀rá". Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́.