Ìfọ́nnu “Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà” àti Ẹ̀rín tí ó Gbè é Lẹ́sẹ̀

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí fún aláta àti elélùbọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán. Ẹni tí ó bá gbọ́njú ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960 kò ní gbàgbé bí WNTV ti máa ń yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ìbéèrè wa nìyí: ǹjẹ́ òótọ́ ni ìfọ́nnu náà?

Inú ìjà ni a bí ilé iṣẹ́ yìí sí. Ní 1953, lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí òmìnira ní ilé aṣòfin ní Èkó, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sì bẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì. Wọn kò gbà. Àṣé àwọn baba wa kò ṣeré nígbà tí wọ́n sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì! Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pinnu láti dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 1959, àwòrán yọ ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n ìtàn kì í ṣe ojúsàájú. Ilé amóhùnmáwòrán kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Casablanca, ní ilẹ̀ Mòrókò, ní 1954, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kógbá sílé ní 1955. Agbèjà WNTV lè wí pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni àwọn ní lọ́kàn. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kígbe nìyẹn. Ohun mìíràn tún pani lẹ́rìn-ín: púpọ̀ nínú ohun tí “àkọ́kọ́” wa ń fi hàn wá nígbà náà, fíìmù òkèèrè ni, tí òyìnbó ń gun ẹṣin, tí ó ń yìnbọn nínú aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà.

Àwàdà wà lára ohun tí ó tún ọ̀ràn náà ṣe. Ní àwọn ọdún 1960 kan náà ni Moses Ọláìyá, tí ó ti jẹ́ olórin tẹ́lẹ̀, kó ẹgbẹ́ Aláwàdà dé WNTV. Baba Sàlá so agogo ńlá mọ́ ọrùn, ó ń gbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù, ọgbọ́n náà sì ń já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ a lọ dúró lójú fèrèsé aládùúgbò. Ní 1968, Olúṣẹ́gun Olúsọlá, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ní WNTV, gbé “The Village Headmaster” jáde ní Èkó.

Ìjọba àpapọ̀ gba gbogbo ibùdó ní 1976. NTA náà wá ń fọ́nnu pé kò sí ẹni tí ó lè borí òun. Kí a tó fàyè gba aládàáni ní 1992, ìjọba ni ó ni gbogbo ibùdó. Ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá sáré, ṣé yóò ṣe ipò kejì ni? Síbẹ̀, kì í ṣe ìfọ́nnu ni ó dá wa jókòó ní alẹ́. Zebrudaya láti ìlà-oòrùn àti Samanja láti àríwá ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ má ṣe fi ìpolówó ṣe ẹ̀rí ìtàn. Ẹ kọ 1959 sílẹ̀, ẹ sì kọ Mòrókò sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ọjà lè máa yangàn. Ohun tí ó pàtẹ ni a ó wò.