Ọmọ Ọdún Mélòó Ni Ọba Jehoiakini?

 

Ìbéèrè kan ni a ó gbé yẹ̀wò lónìí, nítorí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn. Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 24, wí pé ọmọ ọdún 18 ni Jehoiakini nígbà tí ó jọba ní Jerusalẹmu, oṣù mẹ́ta ni ó sì lò lórí oyè. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ Bíbélì, Ìwé Kronika Kejì, orí 36, wí pé ọmọ ọdún 8 ni, àti pé ó lo oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ìwé mímọ́ kò bá fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́ orí ọba, ǹjẹ́ a lè gbẹ́kẹ̀ lé e lórí ọ̀rọ̀ ìgbàlà?

Ti oṣù mẹ́ta kò le: òǹkọ̀wé kan ka oṣù nìkan, èkejì ka ọjọ́ mọ́ ọn. Ọjọ́ orí ni iṣẹ́ wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀: 18 ni ó tọ̀nà, àṣìṣe àwọn adàwékọ ni 8. Ní èdè Hébérù, "mẹ́jọ" àti "mẹ́wàá" ni a so pọ̀ láti pe 18. Bí "mẹ́wàá" bá bọ́, 8 ni yóò kù. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ kan ní èdè Gíríìkì àti ti Síríà ṣì ní 18 nínú Kronika. Bákan náà, Ìwé Àwọn Ọba wí pé wọ́n kó àwọn aya ọba lọ sí Babeli pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ ọdún 8 kì í láya.

Ilẹ̀ Babeli pàápàá jẹ́rìí. Láti 1899 títí di 1917, Robert Koldewey, ará Jámánì, wa ilẹ̀ ìlú àtijọ́ náà, ó sì rí àwọn wàláà alámọ̀ ní ààfin Nebukadnessari. Ernst Weidner tẹ díẹ̀ nínú wọn jáde ní 1939. Àkọsílẹ̀ òróró tí a ń wọ̀n fún àwọn ìgbèkùn ni wọ́n, orúkọ Jehoiakini ọba Juda sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọba Juda márùn-ún. Èyí tí ó ní ọjọ́ lára jẹ́ ti 592 ṣáájú ìbí Olúwa wa, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìkólọ.

Ẹ tún gbọ́ òmíràn. Ìwé Àwọn Ọba wí pé ọdún kẹjọ Nebukadnessari ni a mú ọba náà. Jeremiah orí 52 ka ìkólọ sí ọdún keje. Ìwé ìtàn àwọn ará Babeli, tí Donald Wiseman tẹ̀ jáde ní 1956, wí pé ọdún keje ni Jerusalẹmu bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ní oṣù kẹta 597. Àwọn ará Babeli kì í ka ọdún tí ọba gorí ìtẹ́. Ẹni tí ó bá kà á yóò rí mẹ́jọ. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún, ẹni tí kò bá ka ọjọ́ òní yóò sọ pé ọjọ́ mẹ́rin ni. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe lé àwọn ọmọ tí ó bá béèrè. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àpérò Vatican Kejì kọ́ wa ní 1965 pé òtítọ́ tí Ọlọ́run fẹ́ kí a kọ sílẹ̀ nítorí ìgbàlà wa ni Ìwé Mímọ́ ń kọ́ni láìṣìnà. Ọwọ́ adàwékọ lè ṣi nọ́ńbà kan kọ, òtítọ́ yìí kò yẹ̀.

Kí ni òtítọ́ náà níhìn-ín? Ọba ọ̀dọ́ kan di ẹni ìgbèkùn, Ọlọ́run kò gbàgbé rẹ̀. Àwọn tí a kó lọ pẹ̀lú rẹ̀ ni Jeremiah kọ̀wé sí pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin oko, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Ní ọdún kẹtàdínlógójì, a mú ọba náà jáde kúrò nínú túbú, ó sì ń jẹun níwájú ọba Babeli títí ó fi kú. Láti ìran rẹ̀ ni Matteu ti ka ìlà ìdílé Jésù.

Ọlọ́run tí ó ka ọjọ́ Jehoiakini ní ilẹ̀ àjèjì ń ka tiwa pẹ̀lú. Kí ó máa ṣọ́ wa. Àmín.