Kọ́kọ́rọ́ Kejì Inú Ọkọ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, agbára apá ni ènìyàn fi ń ṣíná sí ọkọ̀. Irin kan wà níwájú ọkọ̀ tí awakọ̀ ní láti yí. Bí irin náà bá ta padà, ó lè ṣẹ́ ẹ lápá. Ní ọdún 1912, ilé-iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ tí iná bátìrì ń jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jáde. Charles Kettering ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ìrọ̀rùn dé, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá rọrùn fún olówó ọkọ̀ a máa rọrùn fún olè pẹ̀lú.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kò ju irin lásán lọ. Olè tí ó bá fọ́ ihò kọ́kọ́rọ́, tí ó sì so wáyà pọ̀, ti di awakọ̀. Ní ọdún 1986, General Motors fi ẹ̀yà kékeré kan tí ń dín agbára iná kù sí ara kọ́kọ́rọ́ Corvette. Oríṣi 15 ni ẹ̀yà yìí. Bí ti kọ́kọ́rọ́ kò bá bá ti ọkọ̀ mu, ọkọ̀ kò ní ṣíná, ó sì di ẹ̀yìn ìṣẹ́jú mélòó kan kí a tó tún gbìyànjú. Lẹ́yìn èyí ni a bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ tín-ń-tín tí kò ní bátìrì sínú orí kọ́kọ́rọ́. Òrùka wáyà tí ó yí ihò kọ́kọ́rọ́ ká ni í fi ìgbì rédíò bi í léèrè ẹni tí ó jẹ́; bí kò bá dáhùn bí ó ti yẹ, ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ irú ẹ̀ṣọ́ yìí di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Kánádà ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007.

Ní Kánádà yìí gan-an ni ìṣòro mìíràn ti yọjú. Òtútù ibẹ̀ a máa mú kí yìnyín bo gíláàsì ọkọ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń fẹ́ ẹ̀rọ tí wọn yóò fi ṣíná sí ọkọ̀ láti inú ilé, kí ó lè gbóná kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò mọ olówó ọkọ̀ yàtọ̀ sí olè. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó mọ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹni tí ó wà nínú ilé.

Àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí a ń pè ní réwáyà, wá ọgbọ́n dá sí i. Fún ọkọ̀ bíi Corvette, wọn a wọn agbára ẹ̀yà ara kọ́kọ́rọ́, wọn a sì fi irú rẹ̀ gan-an sí ara wáyà. Fún àwọn ti ìgbì rédíò, wọn a gba kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́ olówó ọkọ̀, wọn a fi í sínú àpótí kékeré, wọn a sì fi pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìgbà tí àṣẹ bá ti òkèèrè wá nìkan ni àpótí náà ń jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tẹ bíréèkì láìtíì yí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò kú.

Síbẹ̀, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Olè tí ó bá mọ ibi tí àpótí wà ti rí ojúlówó kọ́kọ́rọ́ nínú ọkọ̀ tí ó fẹ́ jí. Nítorí èyí ni àwọn ẹ̀rọ mìíràn ṣe jáde tí kò nílò kọ́kọ́rọ́ kejì: wọn a kọ́ èdè tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ, wọn a sì bá a sọ ọ́. Àwọn kan rò pé yíyọ ẹ̀ṣọ́ kúrò pátápátá ni ó dára jù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2021 já wọn ní irọ́: àwọn ọkọ̀ Kia àti Hyundai tí a kò fi ẹ̀ṣọ́ sí di ìjẹ fún àwọn ọ̀dọ́ olè. Ní Kánádà, níbi tí òfin ti fi dandan lé e, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó gba èbúté Kútọnu tàbí Èkó wọlé lè ṣì gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ó yẹ kí ẹni tí ó rà á yẹ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wò, kí ó tó gbà pé kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ òun nìkan ni ọkọ̀ náà mọ̀.