Ọ̀rọ̀ tí Yóò Gba Ojú Ìlà Kan

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò bá sì wá orúkọ Yorùbá fún ohun èlò ìtumọ̀ tòde òní, ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò ti ṣiṣẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, ẹni tí ń ta fíìmù inú mẹ́mọ́rì káàdì kò wá orúkọ líle fún ohun tí a kọ sábẹ́ àwòrán. "Ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀" ni yóò wí, oníbàárà yóò sì mọ̀ pé ọmọ òun tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa lè bá ará ilé wo Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999. Èmi fara mọ́ ọn. "Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀" ni mo yàn, n kò sì gba "ìtumọ̀ ìsàlẹ̀", nítorí a máa ń kọ èdè kan náà síbẹ̀ fún ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn.

Àyè tí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ń fúnni kò tó nǹkan. Ìlànà Netflix ni pé kí ìlà kan má ju àmì 42 lọ, kí ìlà má sì ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àgbà wọ̀n ọ́n: "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Ìlà kan gbà á, àyè sì tún ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ìyá tí ó pọnmọ, ọrùn ọmọ tí ó tẹ̀, àti àgbà tí ó yẹ kí ó lanu sọ̀rọ̀, kí ó tó parí, òṣèré ti wọlé lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba "ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá", tí ó gba àyè 16 níbi tí "kọ̀ǹpútà" ti gba 7. Ó dùn létí púpọ̀, àmọ́ oríkì ni, kì í ṣe orúkọ.

Yíyá ọ̀rọ̀ bíi "kọ̀ǹpútà" kò sì burú. Àwọn onímọ̀ èdè tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá fún ní 1984 àti 1990 kò tijú láti fi "fáwẹ̀lì" tí a yá jókòó ti "ọ̀rọ̀ ìṣe" tí a bí nílé.

Bí ẹnìkan bá wá fẹ́ pe irinṣẹ́ tí Google fi ń túmọ̀ Yorùbá láti oṣù Kejìlá 2013 ní ògbufọ̀, èmi kò ní gbà. Ògbufọ̀ mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "you", ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ọmọdé àti Déjì, ọba Àkúrẹ́; ẹ̀rọ tí kò rí ojú ẹni lè bi Kábíyèsí pé, "Níbo lò ń lọ?" Ẹ̀rọ atúmọ̀ tó fún un.

Ní ti gbólóhùn tí a ń kó jọ láti fi kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bíi MENYO-20k ti 2021 tí ó ní 20,100 gbólóhùn Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì wọn, "àká-èdè" ni mo pè é. Ṣùgbọ́n Yorùbá àjùmọ̀lò ló pọ̀ jù nínú irú àká bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ulé ni ará Àkúrẹ́ ń pe ilé, uṣu ni ó ń pe iṣu, ẹ̀rọ tí a bá sì gbé dé ìsọ̀ oníṣu l'Ọ́jà Ọba lónìí yóò rò pé àṣìkọ ni.