Ìbò Ọdún 1948: Ààrẹ Tí Gbogbo Ìwádìí Sọ Pé Yóò Fìdí Rẹmi

 

Ṣáájú ìdìbò ọdún 2023, mo ṣe ohun kan tójú ń tì mí láti sọ. Mo gbé ìbò kékeré kan sójú ìwé wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ta lẹ máa dìbò fún? Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹnì kan ti fi àwọn yòókù sílẹ̀ lọ réré. Mo ya fọ́tò ojú fóònù mi, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp. Àbúrò mi kan rí i, ó ní, "Àǹtí mi, tó bá ti rí báyìí, kí ni mo fẹ́ lọ tò sórí ìlà fún?" Kò jáde lọ́jọ́ ìdìbò. Ẹni tó wù ú kò sì wọlé.

Láti ìgbà náà ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ìtàn Harry Truman, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti ìdìbò ọdún 1948 ni.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi pẹlẹbẹ mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945, Ààrẹ Franklin Roosevelt kú lójijì, Truman tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ sì gorí àga. Nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ George Gallup ti máa ń bi àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìbéèrè kan: ṣé ẹ fara mọ́ ọwọ́ tí ààrẹ fi ń mú iṣẹ́ rẹ̀, àbí ẹ ò fara mọ́ ọn? Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, ìdá 87 nínú 100 ló sọ pé àwọn fara mọ́ Truman. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, 87!

Àmọ́ kò pẹ́ tí oyin fi di ewúro. Ogun parí, ọjà wọ́n, ẹran ṣọ̀wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀ níbi gbogbo. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 1946, àwọn tó fara mọ́ Truman kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹgbẹ́ Republican gba ilé aṣòfin méjèèjì mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1948, tí ìdìbò ku oṣù méje, 36 ni Gallup rí.

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹgbẹ́ Democrat tí í ṣe ẹgbẹ́ Truman tún pín sí mẹ́ta. Henry Wallace tó ti ṣe igbákejì ààrẹ rí kó àwọn kan lọ. Nígbà tí ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ náà sì fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú ní oṣù keje, àwọn aṣojú kan láti Gúúsù bínú jáde, wọ́n fa Strom Thurmond kalẹ̀. Ẹni tí Republican fa kalẹ̀ ní tirẹ̀ ni Thomas Dewey, gómìnà New York. Ìwé ìròyìn Newsweek bi 50 akọ̀ròyìn òṣèlú pé ta ni yóò wọlé. Gbogbo àádọ́ta pátá ló dárúkọ Dewey. Elmo Roper, ògbóǹkangí nínú ìwádìí èrò ará ìlú, kéde nínú oṣù kẹsàn-án pé òun ò tún ní máa gbé èsì jáde mọ́, torí ọ̀rọ̀ ti parí.

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn rèé. Ní Nàìjíríà, òfin ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye ìbò aṣojú tirẹ̀, ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì rèé, ẹni tó bá fi ìbò kan ṣoṣo borí níbẹ̀ ló máa kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ní 1948, ìbò aṣojú 531 ló wà nílẹ̀, ẹni tó bá rí 266 ló wọlé. Nítorí náà, àwọn ìpínlẹ̀ tó máa ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní swing state, ni ogun máa ń le sí jù. Ẹ̀rín lè pọ̀ fún ọ níbi tó o ti borí tẹ́lẹ̀, kò sọ ohunkóhun nípa Ohio.

Ta ló wà ní Ohio, Illinois, Iowa àti California wọ̀nyẹn? Ẹ jẹ́ ká wo mẹ́ta nínú wọn.

Àkọ́kọ́ ni àwọn àgbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1948, ilé aṣòfin ṣe òfin tí kò jẹ́ kí ìjọba rí ibi tuntun kó ọkà pamọ́ sí. Ìkórè dé, àgbàdo pọ̀ lọ jàra, iye rẹ̀ já wálẹ̀, àgbẹ̀ tí kò sì ríbi kó ọkà sí kò lè rí owó ìrànwọ́ gbà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án, Truman lọ bá wọn ní Dexter, ní Iowa, ó là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé Republican ló fa wàhálà náà.

Ìkejì ni àwọn òṣìṣẹ́. Ní 1947, ilé aṣòfin ṣe òfin Taft-Hartley tó dín agbára ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kù. Truman kọ̀, kò fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi ipá ìbò borí rẹ̀. Ìlú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni Ohio àti Illinois. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò gbàgbé.

Ìkẹta ni àwọn èèyàn dúdú. Ọ̀pọ̀ ló ti kó kúrò ní Gúúsù, níbi tí wọn ò ti jẹ́ kí wọ́n dìbò, lọ sí Chicago, Cleveland àti Los Angeles, níbi tí wọ́n ti lè dìbò. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje, Truman fọwọ́ sí àṣẹ 9981, tó ní kí wọ́n máa lo gbogbo ọmọ ogun bákan náà láìwo àwọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá, tí ìdìbò ku ọjọ́ mẹ́rin, ó dúró níwájú èrò ní Harlem, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ wọn.

Truman wọ ọkọ̀ ojú irin yípo orílẹ̀-èdè náà, ó rìn tó nǹkan bí máìlì 30,000, ó sì bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nígbà tó lé ní 300 láti ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Èrò ń ya bí omi. Àwọn akọ̀ròyìn tó bá a rìn rí èrò yẹn, wọ́n ṣì kọ ọ́ pé Dewey ni.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ilé iṣẹ́ kan ní Kansas City tó ń ta oúnjẹ adìyẹ. Wọ́n ya kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àmì Democrat, sára àwọn àpò kan, wọ́n ya erin, àmì Republican, sára àwọn kan, kí àgbẹ̀ mú èyí tó wù ú. Ìdá 54 nínú 100 mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ilé iṣẹ́ náà wo iye yẹn, wọ́n wo ti Gallup, wọ́n ní àwọn ló ṣì í, wọ́n bá dá ètò náà dúró.

Gallup ní Dewey yóò rí 49.5, Truman yóò rí 44.5. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n pààrọ̀ orúkọ: Truman rí bíi 49.5, Dewey rí bíi 45. Ìbò aṣojú 303 sí 189, Thurmond sì mú 39. Ìwé ìròyìn Chicago Daily Tribune ti tẹ ẹ́ jáde gàdàgbà pé Dewey ti borí Truman. Fọ́tò tí Truman gbé ìwé náà sókè, tó ń rẹ́rìn-ín, ṣì ń lọ káàkiri títí dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ní Ohio, ìbò 7,107 ni Truman fi borí. Ní California, 17,865. Ní Illinois, 33,612. Ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ní ìbò aṣojú 78. Ká ní Dewey ló mú wọn, 267 ni ì bá ní, òun ni ì bá wọlé. Àwọn tó dìbò káàkiri Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 48. Àwọn tí kò tó 30,000 láàárín wọn, tí wọ́n bá yí ọkàn padà níbi mẹ́ta yẹn, ti tó láti yí ìtàn padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn òpìtàn fi ń sọ pé ìbò àwọn èèyàn dúdú ló gbé Truman dé èbúté níbẹ̀.

Kí ló wá ṣe àwọn olùwádìí? Àkọ́kọ́, wọ́n tètè dáwọ́ dúró. Àwọn tó pinnu ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kò sí nínú ìṣirò wọn. Ìkejì, wọ́n máa ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn iye ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n máa bi léèrè, wọn á sì jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Ta lẹ rò pé wọ́n yàn? Ẹni tó rọrùn láti bá, tí ilé rẹ̀ kò sí ní kọ̀rọ̀. Bí èmi náà ṣe béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti wà lójú ìwé wa nìyẹn.

Ohun kan ṣì kù, ó sì ju àṣìṣe ìṣirò lọ. "Ṣé o fara mọ́ iṣẹ́ ààrẹ yìí?" kì í ṣe ìbéèrè kan náà pẹ̀lú "Ṣé òun ni àbí ẹlòmíràn?" Àgbẹ̀ Iowa lè máa bínú sí Truman, kó tún wo Dewey, kó ní ó sàn kóun fara da èyí tóun mọ̀. Bákan náà, ìwádìí dà bíi fọ́tò, ọjọ́ tí wọ́n yà á nìkan ló mọ̀. Ẹ wo George H. W. Bush. Ó rí 89 ní 1991 lẹ́yìn ogun Ìráàkì, ó jábọ́ sí 29 láàárín ọdún 1992, Bill Clinton sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, Ohio náà bá a lọ.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má ka ìwádìí o. Èmi náà ṣì ń kà á. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè: ta ni wọ́n bi, níbo ni, ọjọ́ wo sì ni? Mo ti bẹ àbúrò mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má fi fọ́tò kankan ránṣẹ́ mọ́, òun á lọ tò sórí ìlà.

Ó dìgbà kan ná o.