Ọ̀dà Inú Gáàsì àti Ìdàrọ́ Ẹ̀yìn Ìléru

Onípánù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, láàrin Fádéyì àti Palmgrove, tó sì yà sí apá Ṣómólú, ariwo méjì ni yóò gbọ́: ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti ti jẹnẹrétọ̀ tí ń fún un ní iná. Owó epo ní í jẹ èrè ìwé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní Oko-Bàbá, lẹ́bàá ọ̀sà ní Èbúté-Mẹ́ta tí kò jìnnà síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń la pákó fi ń dáná sun òkìtì ìyẹ̀fun pákó. Ohun tí ó lè yí ẹ̀rọ ni wọ́n ń sun dànù. Kí ló fà á?

Ọ̀dà wà lára ohun tó fà á. Bí a bá mú igi gbóná nínú ìléru tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò pọ̀, kì í jó tán. Gáàsì ni yóò tú jáde, èyí tí a lè fi yí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dà a máa bá gáàsì náà jáde bí oru. Nígbà tí ó bá tutù, a lẹ̀ mọ́ inú páìpù àti fáàfù títí ẹ̀rọ yóò fi dákẹ́. Ẹ̀rọ kò fẹ́ ju nǹkan bíi miligíráàmù 100 lọ nínú kúbíìkì mítà gáàsì kan. Ìléru tí gáàsì ti ń gba òkè jáde lè pèsè ìlọ́po 500 rẹ̀.

Ìtàn náà ti pẹ́. Ní 1792, William Murdoch fi gáàsì èédú tanná nínú ilé rẹ̀ ní Redruth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1812, ilé iṣẹ́ gáàsì bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀dà tó ṣẹ́kù di ìyọnu. Ní 1856 ni William Perkin, ọmọ ọdún 18, ń wá kuníìnì láti inú ohun tí a ń yọ nínú ọ̀dà; aró aláwọ̀ àlùkò ló bá pàdé. (Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i: oògùn ibà ni wọ́n ń wá, aṣọ àwọn ìyáàfin ló bá a yọ.) Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ aró àti oògùn ti ń dìde lórí ohun tí wọ́n ń dà nù.

Ilé iṣẹ́ ńlá lèyí wà fún o. Ẹlẹ́rọ kékeré ńkọ́? Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí epo wọ́n, Sweden nìkan ní ọkọ̀ tó lé ní 70,000 tí gáàsì igi àti ti èédú igi ń wà. Èédú igi dára ju igi lọ, nítorí iná tó sọ ọ́ di èédú ti lé ọ̀pọ̀ ọ̀dà jáde. Ogun parí, epo padà, wọ́n kó ìléru wọn tì. Nígbà tí epo tún gbówó lórí ní 1973, àwọn olùrànlọ́wọ́ kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sí àwọn ilẹ̀ tí kò lówó. Ìwádìí tí Báǹkì Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 1995 fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti pa tì. Èmi kò gbà pé ọ̀lẹ ló fà á. Ta ni yóò máa tú ẹ̀rọ palẹ̀ lójoojúmọ́ láti fọ ọ̀dà?

Omi lè fọ gáàsì mọ́, ṣùgbọ́n omi náà a di májèlé. Ooru tó ju dígírì 1,000 lọ lè fọ́ ọ̀dà sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ igi. Dígírì 800 sí 900 tó, bí ohun tí ń mú àyípadà yá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ jóná bá wà nínú ìléru. Òun ni wọ́n ń pè ní kátálíìsì. Níkẹ́ẹ̀lì mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kábọ̀n a sì tètè bò ó. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi yíjú sí ohun tí ilé iṣẹ́ ń dà nù: amọ̀ pupa tó kún fún irin, irú èyí tó ń ṣẹ́kù ní Fria, nílẹ̀ Guinea, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùmínà láti 1960, àti ìdàrọ́.

Àwa Yorùbá mọ ìdàrọ́. Ní 1904, Bellamy kọ̀wé lórí ilé tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Ola-Igbi, nítòsí Ọ̀yọ́. Òkìtì ìdàrọ́ ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ibi tí irú ìléru bẹ́ẹ̀ ti wà rí. Irin pọ̀ nínú rẹ̀ jọjọ, nítorí ìléru àtijọ́ kì í yọ gbogbo irin tán. Fayalite ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọmọ ìyá òkúta olivine tí wọ́n kó sínú ìléru gáàsì ní Güssing, nílẹ̀ Austria, kí ọ̀dà lè dín kù.

Olótùú ètò bi mí bóyá kí á lọ kó ìdàrọ́ Ọ̀yọ́ wá. Rárá o, ìwé ìtàn wa nìyẹn. Èyí tí mo ní lọ́kàn ni ti àwọn tí ń yọ́ irin àlòkù ní Ìkòròdú àti Ògíjo. Irin wà nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan; bí kábọ̀n bá bò ó, a lè jó kábọ̀n náà kúrò, bí agbára rẹ̀ bá tán, a ó bu òmíràn. Ṣùgbọ́n òjé àti àwọn májèlé mìíràn lè wà lára irin àlòkù, eruku rẹ̀ sì lè bá gáàsì jáde. Yàrá àyẹ̀wò ni kí ó kọ́kọ́ dé, kí ó tó dé ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé ní Onípánù, níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré.