Concierge medicine: kí ni owó ọdún náà ń rà?

Èdè Faransé ni concierge ti wá: ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ńlá, tó sì ń gbọ́ ti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ìṣègùn MD² ti bẹ̀rẹ̀ ní Seattle ní 1996, irú dókítà tó ń gba owó ọdọọdún lọ́wọ́ ìwọ̀nba aláìsàn ni wọ́n ń fi orúkọ náà pè. Àsìkò dókítà ni owó ọ̀hún ń rà, kì í ṣe oògùn. Dókítà ìdílé mìíràn lè ní ju 2,000 aláìsàn lọ. MDVIP, ilé-iṣẹ́ irú àwọn dókítà yìí ní Florida, fi ti dókítà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ sí nǹkan bí 600. Fún àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà jọ ń bá fínra, ìyẹn kì í ṣe afẹ́ rárá: dókítà tó ráyè yẹ gbogbo oògùn rẹ̀ wò pọ̀ ló lè rí èyí tó ń bá èkejì jà.

Ṣùgbọ́n Medicare, ètò adójútòfò ìlera ìjọba fún ẹni ọdún 65 sókè, kì í san owó ọdọọdún yìí. Àpò ara ẹni ló ti ń jáde, owó ọsibítù sì wà lọ́tọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ fi adójútòfò sílẹ̀. Àtakò tó wúwo jù ni pé bí dókítà bá dín aláìsàn rẹ̀ kù, ẹni tí kò lówó ni yóò wá ibòmíì lọ. Àwọn alátìlẹyìn ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àárẹ̀ ì bá lé dókítà náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò wo ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ sàn.